Orúkọ Potogí, Oríkì Òwu: Ìdáhùn fún Ọmọ Àgùdà Tó Ń Wá Orírun Rẹ̀

Òǹkàwé wa kan ní Èkó ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo sì gé e kúrú díẹ̀. Orúkọ Potogí ni ìdílé bàbá rẹ̀ ń jẹ́ láti ayé baba ńlá wọn. Níbi ìpàdé àdúgbò kan ní ọdún tó kọjá, ẹnìkan dìde, ó ní àlejò ni àwọn Àgùdà, ìyẹn ìdílé àwọn tó ti Brazil padà dé, pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti wá, pé wọn kì í ṣe Yorùbá tòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó fẹ́ mọ bí orúkọ yìí ṣe wọ ilé wọn, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà wà láti mọ ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ó wá fi kún un pé ìyá bàbá òun, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, máa ń ki òun ní "ọmọ Ajíbọ́sìn" láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹnì kankan tó ń jẹ́ Ajíbọ́sìn nínú ilé wọn.

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì èyí tó dùn yín jù. Òótọ́ ni pé inú ọkọ̀ ni àwọn baba ńlá yín ti sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kọ́ ni a bí wọn sí. Kí ọkọ̀ tó gbé wọn bọ̀, ọkọ̀ ti kọ́kọ́ gbé wọn lọ, tipátipá, láti etíkun yìí kan náà. Ẹni tó bá rí ìpadàbọ̀ nìkan, tí kò rí ìlọ, ni yóò pè wọ́n ní àlejò.

Ẹ wò ó, nínú ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́, orúkọ Potogí yẹn ni ẹ gbájú mọ́, ẹ sì kàn mẹ́nu ba "ọmọ Ajíbọ́sìn" ní ìparí bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Lójú tèmi, òun gan-an ni ìdáhùn. Ajíbọ́sìn kì í ṣe orúkọ ẹnìkan tó kú nínú ilé yín. Oríkì Òwu ni, orúkọ ọba wọn àkọ́kọ́ tí gbogbo ọmọ Òwu fi ń yangàn, àwọn náà ni wọ́n ń sọ pé Òwu la kọ́ dá. Bí oríkì yìí bá jẹ́ ti ìdílé bàbá yín lóòótọ́ (n óò padà sórí "bí" yìí nísàlẹ̀, torí pé ó ṣe pàtàkì), a jẹ́ pé a ti mọ ìlú, a sì lè fojú bù ìgbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ àti ohun tó lé wọn kúrò.

Ọjà Àpòmù ni ìjà tó fọ́ ìlú Òwu ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ máa ń wá ná ọjà yẹn, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ sì ń jí wọn gbé níbẹ̀ láti tà. Òwu, tó lágbára nígbà náà, gbé ogun lọ jẹ àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà ní àgbègbè ọjà náà níyà. Ifẹ̀ kò gbà, ó bá Ìjẹ̀bú pawọ́ pọ̀, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní bí ọdún 1820 sí àárín ẹ̀wádún náà, wọ́n dó ti ìlú Òwu fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó etí òkun. Idà àti àdá gígùn ni Òwu fi ń kojú wọn. Àwọn òpìtàn sọ pé ìyàn mú nínú odi débi pé pópóǹdó, ẹ̀wà ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í ka sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń sè jẹ, tí àwọn ọmọ ogun tó dó tì wọ́n sì ń fi í kọrin bú wọn láti ìta odi. Nígbà tí ìlú fọ́, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó. Àwọn tó bọ́ sá kiri. Apá kan nínú wọn dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1834. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n tà.

Kí a má gbàgbé pé òwò yìí ti wà ṣáájú ogun náà, àti pé apá kan péré ni ti Yorùbá jẹ́ nínú ìfọ́nká tó kárí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí di nǹkan bí ọdún 1866, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà, tí àwọn tó gúnlẹ̀ láàyè kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn tó kú sójú omi. Brazil nìkan gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Etíkun tiwa, láti apá Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òní, dé Èkó, kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 jáde. Ti Yorùbá pọ̀ jù nígbà tí òwò náà ti ń lọ sópin, ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ṣẹ́ kù ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Brazil, àti ní Kúbà ju èdè àwọn tó ti dé ṣáájú lọ: àwọn tiwa ló dé kẹ́yìn, wọ́n sì dé lọ́pọ̀ yanturu láàárín ìgbà kúkúrú.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ Bahia. Tábà ni. Ewé tábà tó dára jù ní Bahia ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Potogí. Èyí tí kò dára ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń ká jọ ní ìdì ńláńlá, tí wọ́n sì ń fi omi ṣúgà dúdú pa lára kó má baà gbẹ. Àwọn ará etíkun wa fẹ́ràn tábà aládùn yìí ju èyíkéyìí lọ, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i. Bí àwọn oníṣòwò Bahia ṣe rí ọ̀nà tààrà sọ́dọ̀ wa nìyẹn, láìgba Lisbon kọjá. Mo máa ń ronú lé e lórí pé ewé tí òyìnbó fúnra rẹ̀ kọ̀ ni wọ́n fi ra ọmọ ènìyàn.

Òfin ti wà lòdì sí i nígbà tí Òwu fọ́. Ní ọdún 1815, ilẹ̀ Potogí bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé wọn kò ní kó ẹrú mọ́ ní apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé, apá yẹn gan-an sì ni Èkó wà. Ohun tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gba ìwé àṣẹ pé Malembo, ní apá Àǹgólà ní ìsàlẹ̀ ìlà náà, ni àwọn ń lọ, wọ́n á sì yà sí Èkó. Mo ń sọ èyí fún yín nítorí pé bí ẹ bá rí ìwé ọkọ̀ kan tó ní Malembo ni ọkọ̀ náà ti gbéra, ẹ má ṣe yára gbà pé ará Àǹgólà ni àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ní Bahia ni orúkọ ti yí padà. Òfin wọn ni pé kí àlùfáà ri ẹrú bọmi kí ó sì fún un ní orúkọ ẹni mímọ́ kan. Orúkọ ìdílé kò sí fún ẹrú. Nígbà tó bá ra ara rẹ̀ padà ni yóò mú ọ̀kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tàbí ti ẹni tó ṣe baba ìsàmì fún un. Àwọn mìíràn yan orúkọ tó jẹ mọ́ ìgbàgbọ́, bíi dos Santos, da Conceição tàbí do Bonfim. Nítorí náà, orúkọ Potogí tí ìdílé yín ń jẹ́ kò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ Potogí wà lára yín. Ẹni tó ra baba ńlá yín, tàbí ẹni tó dúró tì í nígbà ìrìbọmi, ló ṣeé ṣe kó ni orúkọ náà. Ó korò láti gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ sàn fún yín ju ìtàn àròsọ baba òyìnbó lọ.

Àwọn tó dé láti ilẹ̀ wa ni wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, láti inú Ànàgó. Orúkọ kan fún gbogbo wọn: Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Òwu, Ìjẹ̀bú tó bá Òwu jà pàápàá. Nígbà náà, Yorùbá kò tíì di orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Bahia ń wádìí àwọn Nagô kan lẹ́nu wò ní ọdún 1835, ọ̀kan nínú wọn dá wọn lóhùn pé lóòótọ́ Nagô ni gbogbo àwọn, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ilẹ̀ tirẹ̀. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tó ṣàlàyé ohun tí ìfọ́nká ṣe fún wa tó èyí. Ó sọ wọ́n di ọ̀kan lójú ẹni tó kó wọn, wọ́n sì gba ìṣọ̀kan náà, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí orúkọ ìlú wọn bọ́ lẹ́nu wọn.

Báwo ni ẹrú ṣe ń rí owó ra ara rẹ̀? Ní Salvador, olú ìlú Bahia, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ lóko. Olówó wọn máa ń tú wọn sí ìgboro láti wá owó: ọkùnrin á máa ru ẹrù ní èbúté, á máa gbé àwọn ọlọ́lá lórí àga, á ṣe iṣẹ́ bíríkìlà tàbí káfíńtà; obìnrin á máa kiri aṣọ àti oúnjẹ, àkàrà sì wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì ń tà níbẹ̀ títí di òní lábẹ́ orúkọ acarajé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á san iye tí olówó wọn dá lé wọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù a jẹ́ tiwọn. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí ni wọ́n ń dá ní àjọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá a nílé: ẹgbẹ́ á kó owó jọ, wọ́n á fi ra ẹnìkan padà, ẹni náà á máa dá tirẹ̀ lọ kí ó lè kan ẹlòmíràn. Ó lè gba ẹnìkan ní ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá parí, wọ́n á kọ ìwé òmìnira fún un. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní àkójọ pamọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia, pẹ̀lú iye owó tí ènìyàn san lórí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1835 dé. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kìíní, nígbà tí àwẹ̀ Ramadan ń parí lọ, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê, ọ̀rọ̀ tó ti inú Ìmàle wá, dìde ogun ní Salvador. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló jáde, Nagô sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Wọ́n jà ní ìgboro títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àwọn ọmọ ogun ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó lé ní àádọ́rin tó kú. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin ní oṣù karùn-ún, wọ́n na àwọn mìíràn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgba, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Ohun tó kan ìdílé yín jù ni òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún ọdún náà: gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira gbọ́dọ̀ máa san owó orí lọ́dọọdún, kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ ra ilẹ̀ tàbí ilé. Ẹ fojú inú wò ó: ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá ra ara rẹ̀ tán, wọ́n wá sọ fún un pé kò lè ra orí ilé tí yóò sùn sí. Ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún yìí kan náà ni Brazil padà fi òpin sí oko ẹrú, ní ọdún 1888, ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ́yìn náà.

Bí ìpadàbọ̀ ṣe gbóná nìyẹn. Àwọn kan dé Accra ní 1836, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Tabom di òní, nítorí pé "tá bom", ó dára, ni wọ́n ń fi dáhùn nígbà tí wọn kò tíì gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Àwọn mìíràn gba Ouidah, Agoué àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ti Èkó pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí wọ́n sì fi àdéhùn ọdún 1852 pa òwò ẹrú rẹ́ níbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1881 rí àwọn ará Brazil tó lé ní 2,700 ní Èkó. Àwọn Sàró, tí ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown, ti ṣáájú wọn dé láti ọdún 1839. Ti àwọn yẹn jẹ́ ìtàn mìíràn.

Kí ló dé tí àwọn baba yín kò padà sí Òwu? Òwu ti di igbó. Ogun sì ṣì wà lọ́nà láti Èkó lọ sókè. Ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ kí wọ́n tún un tà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe jókòó sí Pópó Àgùdà, ní àyíká Campos, Bamgbose àti Igbosere, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní Bahia kọ́ Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Brazil dé, ló yàwòrán rẹ̀. Ọmọ Sàró ló fi owó kọ́ ọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha, tó ní ilé olómi ní òpópónà Kakawa, níbi tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa: Esan wà láàárín João àti da Rocha. Àwọn tó lọ tó bọ̀ yìí sábà máa ń fi orúkọ ilé pamọ́ sáàárín orúkọ Potogí, torí náà bí ẹ bá rí ìwé baba ńlá yín, àárín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò ní fi pamọ́ fún yín. Kì í ṣe gbogbo orúkọ Àgùdà ló ti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n tà wá. Francisco Félix de Souza, tó kú sí Ouidah ní ọdún 1849, olówò ẹrú ńlá ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. Àwọn kan nínú àwọn tó gba òmìnira pàápàá dé etíkun, wọ́n sì bọ́ sínú òwò tó ta àwọn fúnra wọn. Àwọn ìwọ̀fà àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan sì wà tí wọn kò rí òkun kọjá rárá, inú ilé Àgùdà tí wọ́n gbé ni wọ́n ti gba ìrìbọmi tí wọ́n sì ti gba orúkọ. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo Àgùdà ló jẹ́ ọmọ ìjọ Pápà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjọ Àgùdà la ń pe ìjọ náà títí di òní. Mùsùlùmí wà nínú wọn tó ń jẹ́ orúkọ Potogí láti ìgbà Malê wá. Ìdí nìyí tí orúkọ nìkan kò fi lè sọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wá ìwé, ìwé ìrìbọmi Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì Ìjọ Àgùdà ní Èkó, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó kọjá sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ní Salvador, àkójọ pamọ́ ìpínlẹ̀ Bahia ní ìwé ìrìnnà àwọn tó gbéra lọ sí etíkun Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ dájú pé "Nagô" ni ìwé wọn yóò kọ, kò ní kọ Òwu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóde òní lè sọ agbègbè, kò lè sọ agboolé. Oríkì ló ń sọ ìyẹn.

Èyí ló dá mi padà sórí "bí" tí mo fi sílẹ̀ lókè. Obìnrin ilé ló ń mọ oríkì ilé ọkọ jù, nítorí pé òun ló ń fi í jí ọkọ, tó ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún. Síbẹ̀, obìnrin kan náà kì í gbàgbé oríkì ilé bàbá rẹ̀, ó sì lè fi ki ọmọ ọmọ tó bá fẹ́ràn, pàápàá bí ó bá rí ìyá tirẹ̀ lójú ọmọ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó dìde nípàdé láti sọ pé ọmọ Òwu ni yín nílé bàbá, ẹ bi ìyá bàbá yín bóyá oríkì ọkọ wọn ni Ajíbọ́sìn àbí ti bàbá tó bí wọn. Ẹ béèrè bóyá gbogbo ọmọ ilé ni ìyá ọkọ wọn máa ń kì bẹ́ẹ̀, ohun tí ìdílé náà kì í jẹ, àti orúkọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin àkọ́bí láti ìran dé ìran.

Ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa ka oríkì fún yín bí ẹni ń ka ìwé, torí ó lè má wá. Ẹ sọ fún wọn ní alẹ́ pé ẹ fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wọlé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn bí ẹ ti máa ń kí wọn, ẹ sì dákẹ́. Ohun tó bá tẹ̀ lé "ọmọ Ajíbọ́sìn" ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀, títí kan èyí tí kò yé yín.